Búùtù wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ rin igbó Ifẹ́wàrà sí Ìtàgunmọ́dì lásìkò òjò?

ọmọ_òkúta (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí. Wọ́n ti pín agbègbè fún wa pé ká lọ ya máàpù rẹ̀. Ìhà Ifẹ́wàrà títí lọ kan Ìtàgunmọ́dì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. A máa pẹ́ díẹ̀ nínú igbó, òjò sì ti dé. Kánfáàsì tí mo fi ń lọ kíláàsì nìkan ni mo ní, ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá wọ kánfáàsì wá, ilé ló máa padà sí.

Mo dé ọjà lánàá, orí mi dàrú. Ẹnìkan ní kí n ra búùtù onírin tí àwọn tó ń kọ́lé ń wọ̀. Ẹlòmíràn ní ráìnbúùtù ló dáa jù, pé owó rẹ̀ ò pọ̀. Ẹnìkẹta gbé òkìrìkà kan tó ń dán gbinrin jáde, ó ní ti Ìtálì ni, pé omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Nọ́ńbà 43 ni mo ń wọ̀ nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, ṣùgbọ́n 43 ti òkìrìkà yẹn ń há mi lọ́mọ ìka. Kí ni kí n wò kí n tó rà? Owó ọwọ́ mi ò gba pé kí n rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Kòkó (Ilésà)

Ráìnbúùtù ni kí o rà, ọmọ mi. Oko kòkó ni wọ́n bí mi sí, òun là ń wọ̀ títí dòní. Omi ò wọ̀ ọ́, ẹ̀gún ò gún ọ lójúgun, o bá dé etí odò, o ki ẹsẹ̀ bọmi, ẹrẹ̀ ti lọ. Bó bá ya lọ́dún tó ń bọ̀, o ra òmíràn. Àwọn tó ń pariwo Ìtálì, ṣé Ìtálì ni Ifẹ́wàrà wà ni?

Àǹtí_Olókè (Ilé-Ifẹ̀)

Bàbá, mo júbà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Oko ni ráìnbúùtù dáa fún, torí ẹni tó wà lóko kì í rìn jìnnà lẹ́ẹ̀kan: á rìn díẹ̀, á dúró, á ká kòkó, á tún sún síwájú. Ọmọ yìí máa rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni, á gun òkè, á sọ̀. Ráìnbúùtù ò ní okùn, kò sí ohun tó di gìgísẹ̀ mú nínú ẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rọ́ lọ síwájú, gìgísẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Kó tó di ọ̀sán, ìléròrò ti yọ. Òjò ò wọ inú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òógùn náà ò ríbi jáde. Ẹ bọ́ ọ nírọ̀lẹ́, kí ẹ fún ìbọ̀sẹ̀ wò.

Ìwọ ọmọ_òkúta, ilẹ̀ tí o máa tẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ rò, kó tó kan bàtà. O mọ èyí jù mí lọ. Níbi tí òkúta dúdú amphibolite wà ní Ìtàgunmọ́dì, ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n fòò, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tiẹ̀ ń fi orúkọ ìlú náà pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá pa á, á lẹ̀ mọ́ ìdí bàtà bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Bàtà tí eyín ìdí ẹ̀ sún mọ́ra, kíá ni amọ̀ á ti dí gbogbo àárín ẹ̀, ìdí bàtà á di pẹrẹsẹ, o bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ á sì tún wúwo. Wá èyí tí eyín ẹ̀ jìn, tí àyè wà láàárín wọn. Irú ẹ̀ máa ń já amọ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ béèyàn ṣe ń rìn.

Orí àpáta tútù, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá ti gun àpáta tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọjá ìpele kejì mọ ohun tí mò ń wí. Quartzite ni òkúta ibẹ̀, ó le, ó dán, ewéko tútù sì ti bò ó ní gbogbo ibi tí omi ń ta sí. Eyín gígùn ò wúlò níbẹ̀. Rọ́bà tó rọ̀ díẹ̀ tó lè fara mọ́ òkúta ló ń gba èèyàn sílẹ̀. Fi èékánná tẹ ìdí bàtà náà lọ́jà. Bó bá le gbagidi, tí èékánná ò wọlé rárá, dá a padà fún oníbàtà. Bó sì ti wù kí rọ́bà dáa tó, ewéko yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni. Ibi tí òkúta bá hàn ketekete ni kí o máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Ààbò_Lákọ̀ọ́kọ́ (Ilésà)

Ibi ìwakùsà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ àmójútó ààbò, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ búùtù onírin. Wo ahọ́n bàtà tàbí ẹ̀gbẹ́ inú ẹ̀, kí o wá EN ISO 20345, ìyẹn àmì ìlànà tí wọ́n fi ń dán bàtà ààbò wò. Ọdún tí wọ́n ṣe é náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ pé ó yege ni pé ohun tó bo ọmọ ìka, ìbáà ṣe irin tàbí ike líle, gba ìlù joules 200, ìyẹn bí ìgbà tí nǹkan tó wúwo tó kílò 20 bá já lé e láti bíi mítà kan. Lẹ́yìn náà, wo lẹ́tà. S1 ò ṣèlérí nǹkankan lórí omi. S3 ń ta omi dànù fúngbà díẹ̀, ìṣó ò lè gún un láti abẹ́, ìdí ẹ̀ sì ní eyín. S5 jẹ́ rọ́bà tàbí ike látòkè délẹ̀, ìyẹn ráìnbúùtù Bàbá_Kòkó, àmọ́ tó ní irin lórí. Bí wọ́n bá tà á fún ọ ní "safety" tí àmì kankan ò sí lára ẹ̀, bàtà lásán lo gbé lọ sílé.

O tún lè rí SRC lára àwọn ti tẹ́lẹ̀, oníbàtà á sì sọ pé kì í yọ̀. Orí táìlì tí wọ́n da omi ọṣẹ sí àti orí irin tí wọ́n da glycerol, nǹkan olómi tó ń yọ̀, sí ni wọ́n ti dán an wò. Kò kan òkúta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ṣé ó yẹ ọ́? Bí ẹ bá máa wọ ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà, tàbí tí ẹ máa rìn létí àwọn kòtò tí àwọn tó ń wa góòlù gbẹ́ sílẹ̀ ní Igún àti Ìtàgunmọ́dì, ó yẹ. Bó bá jẹ́ igbó àti òkè nìkan, irin yẹn wúwo láti gbé kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ ìka tó bá sì ń kan irin ò ríbi sá sí. Ohun tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí ni gíláàsì ojú. Hámà lẹ ó máa fi fọ́ òkúta. Èérún rẹ̀ kì í wá ẹsẹ̀, ojú ló ń wá.

Ará_Òkè_Òkun (Leeds)

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìlú òyìnbó níbí. Àbúrò, bàtà tó ní Gore-Tex nínú, ìyẹn ìbòrí tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ni kí o wá, kódà kó jẹ́ òkìrìkà. Nínú òjò àti yìnyín ni mo ti ń wọ tèmi, ìbọ̀sẹ̀ mi á sì gbẹ táútáú. Àwọn tó ń sọ pé òógùn ò ríbi jáde, wọn ò tíì wọ ojúlówó ni. Lọ́dún 1969 ni Bob Gore rí i pé téèyàn bá fa irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PTFE lójijì nígbà tó gbóná, ó ń nà, ihò wínníwínní á sì yọ nínú ẹ̀. Ẹ̀kán omi tóbi ju ihò náà lọ, èéfín òógùn sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Àǹtí_Olókè

Ẹ̀gbọ́n, ní Leeds, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n kí ló ń ti èéfín òógùn náà jáde? Pé inú bàtà gbóná, ó sì lómi ju ìta lọ. Lọ́dọ̀ yín, ìta tutù ju inú bàtà lọ, òógùn ríbi sá lọ. Ní Ifẹ́wàrà lóṣù kẹfà, ìta fúnra ẹ̀ ń mú ooru, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún omi. Ta ni yóò ti ta ni?

Èkejì ni pé odò ni wọ́n máa là kọjá, tó máa mu èèyàn dé orúnkún. Bí omi bá gba ẹnu bàtà wọlé, ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Á máa dún fọ̀ọ̀sọ̀-fọ̀ọ̀sọ̀ lẹ́sẹ̀ yín títí dilé. Bàtà aláwọ lásán, tàbí èyí tó jẹ́ awọ nísàlẹ̀ tó jẹ́ kánfáàsì líle lókè, tí kò ní nǹkankan tí wọ́n fi bo inú, á tutù lóòótọ́, àmọ́ á tètè gbẹ jù ú lọ fíìfíì. Lójú tèmi, lágbègbè wa níbí, bàtà tó ń tètè gbẹ sàn ju èyí tí omi ò wọ̀.

Ará_Òkè_Òkun

Ti odò, mo gbà. Ti òjò, mi ò tíì gbà.

Ọ̀ṣómàáló (Ọjà Àtakúnmọ̀sà, Ilésà)

Èmi tí mò ń tà á nìyí, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Àbúrò, má wo ara tó ń dán, pọ́líìṣì ló ń dán. Yí bàtà náà dojú dé, kí o wo ìdí ẹ̀. Bó bá jẹ jù lápá kan gìgísẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló ń rìn gbágẹ̀rẹ̀, bàtà náà á sì máa ti ẹsẹ̀ tìẹ náà sápá ibẹ̀. Yọ àtẹ́ inú ẹ̀, kí o wò ó. Tí o bá rí ojú ẹsẹ̀ ẹlòmíì tó ti wọ inú ẹ̀ jìn, o máa ra àtẹ́ tuntun sí i. Ki ọwọ́ sẹ́yìn níbi gìgísẹ̀. Aṣọ ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya, bó bá sì ti ya, á máa họ ọ́. Má sì gbàgbé láti fi tọ̀tún àti tòsì wé ara wọn. A máa ń rí 42 àti 43 tí wọ́n so pọ̀ láti òkèèrè.

Lọ́jọ́ tá a bá tú béèlì ni kí o wá, láàárọ̀ kùtù. Owó á le díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá di ọjọ́ kejì owó á wálẹ̀, àmọ́ èyí tó dáa ti lọ.

Aránbàtà_Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀gá mi Ọ̀ṣómàáló ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ó fo ibi tó le. Bóyá torí ọjà ni.

Búùtù òkìrìkà tó jọ pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, òun gan-an ni kí o bẹ̀rù. Láàárín awọ àti rọ́bà tó ń kanlẹ̀, fóòmù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ èèyàn lọ́rùn. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ búùtù olówó gọbọi. Omi inú afẹ́fẹ́ àti ooru máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú wá, wọ̀ ọ́ o, má wọ̀ ọ́ o. Bàtà tó ti jókòó sínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun, tó tún wọ kọ̀ǹténà, tó wá bá ooru wa níbí, á dán lójú bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èèyàn á wọ̀ ọ́ jáde, kó tó rìn dé ibi tó ń lọ, ìdí ẹ̀ á fọ́ yángá, á máa dà sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń lọ. Wọ́n máa ń kó irú ẹ̀ wá bá mi pé kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ di ìyẹ̀fun mú? Àfi kí n ṣí gbogbo ìdí ẹ̀ kúrò, kí n fi tuntun sí i, owó ìyẹn sì lè tó owó bàtà.

Bí o ṣe máa dá a mọ̀ lọ́jà nìyí. Gbé e síbi tó mọ́lẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù yẹn yípo bóyá ojú ẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa: ó yẹ kó wọlé díẹ̀, kó sì padà sípò. Bí ojú ibi tí o tẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tí nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú bá bá èékánná ẹ jáde, gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, di iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ mú, kí o tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, kí o tẹ́tí. Bó bá dún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ti kú. Wo abẹ́ ahọ́n náà, nígbà míì wọ́n máa ń kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ EVA, irú fóòmù mìíràn, kì í fọ́ báyẹn. Tiwọn ni pé wọ́n máa ń tẹ́, tí wọn kì í sì í wú padà.

Àwọn kan á fi àmì yẹ́lò Vibram hàn ọ́. Ojúlówó ni orúkọ yẹn. Vitale Bramani ará Ìtálì ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí mẹ́fà nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gun òkè kú lórí òkè Alps lọ́dún 1935 torí bàtà tí kò yẹ. Ọdún 1937 ni ìdí bàtà onírọ́bà eléyín rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń kanlẹ̀ ni àmì yẹn ń sọ fún ọ, kò sọ fún ọ pé fóòmù tó wà lókè ẹ̀ ò tíì jẹrà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni búùtù tí o rí òwú ìránṣọ tó yí etí ìdí ẹ̀ po. Irú ẹ̀ ni mo lè tú, kí n sì rán òmíràn sí i.

ọmọ_òkúta

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí láti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní ti Ìtálì yẹn 😅 Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ńkọ́? Ṣé kí n wá 44 ni?

Aránbàtà_Lágere

Gbàgbé 43, gbàgbé 44 ná. Nọ́ńbà tí àwọn ará Yúróòpù ń kọ, gígùn ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi mọ bàtà náà ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà sì ni nọ́ńbà kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́ta íǹṣì ni. Ìdí nìyẹn tí 8 ti Gẹ̀ẹ́sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú 42, tí Amẹ́ríkà á sì máa pe ti ọkùnrin ní 9. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ ìka láti mí, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tiẹ̀ rò. Bí o bá rí sẹ̀ǹtímítà tàbí mìlímítà lórí ahọ́n ẹ̀, ìyẹn ni kí o gbára lé jù.

Wọn ẹsẹ̀ ẹ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí o ti rìn kiri, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tí o máa wọ̀ lọ igbó. Fi ìwé sílẹ̀ kó kan ògiri, fi gìgísẹ̀ ti ògiri, dìde dúró kí o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì bá ọ fi pẹ́ńsù sàmì síwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ti àwọn kan, àtàǹpàkò kọ́ ló gùn jù o, èkejì rẹ̀ ni. Wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tó gùn jù ni kí o ra bàtà fún.

Níbi ìtajà, yọ àtẹ́ inú bàtà, fi sílẹ̀, kí o dúró lé e. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ bá tú jáde lára ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bàtà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn tà á fún ọ. Èyí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wa. Sálúbàtà la wọ̀ dàgbà, iwájú ẹsẹ̀ wa fẹ̀, ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n sì fi ṣe òkìrìkà, ti ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ohun tó ń há ọ nínú 43 yẹn lè má jẹ́ gígùn rárá. Bí o bá ra 44 torí ìbú, gìgísẹ̀ á máa fò lẹ́yìn. Wá 43 mìíràn tó fẹ̀ níwájú. Awọ tó nípọn, mo lè fi ẹsẹ̀ onígi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ìbú. Gígùn, kò sí aránbàtà tó lè fà á.

Tún ki ẹsẹ̀ sínú ẹ̀ láìso okùn, rọ́ ọ síwájú títí ọmọ ìka á fi kan orí ẹ̀. Ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan wọlé lẹ́yìn gìgísẹ̀ láìfipá ṣe é. Wá fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn, so okùn, wá àtẹ̀gùn kan kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíkankíkan, kí o ta orí bàtà mọ́lẹ̀. Ọmọ ìka ò gbọdọ̀ kan iwájú. Bó bá ń kàn án lórí àtẹ̀gùn méjì, ronú ohun tí òkè máa ṣe fún èékánná ẹ.

Ìyá_Ìbejì (Ilésà)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ti àwa obìnrin ńkọ́? Ti ọkùnrin ló pọ̀ nínú òkìrìkà, gìgísẹ̀ mi sì máa ń yọ nínú gbogbo ẹ̀ bó ti wù kí n so ó tó.

Aránbàtà_Lágere

Gìgísẹ̀ obìnrin sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin lọ, ìdí nìyẹn. Okùn lẹ ó fi ṣe é. Ẹ fa gbogbo ẹ̀ le láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sókè, níwájú kókósẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má kàn fi okùn kọjá ara wọn lẹ́ẹ̀kan; ẹ yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fà á pinpin. Á dúró gbọn-in, kò ní tú, ìdè yẹn ló máa mú gìgísẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹ wá fa ti òkè bó ṣe wù yín. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lókè. Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ fà á le.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Mo kàn fẹ́ dá sí ti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má wọ ti òwú lọ igbó. Òwú ń mu omi, kì í sì í jọ̀wọ́ ẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ á rọ̀, á máa gbo pẹ̀lú bàtà, ibẹ̀ ni ìléròrò ti ń wá. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe dáa, àmọ́ kò rọrùn láti rí níbí. Ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, tó jẹ́ polyester tàbí náílọ́ọ̀nù, wà káàkiri, ó sì ga dé orúnkún. Gbé ju méjì lọ dání, kí o máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án.

Ibi tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́ lẹ́sẹ̀, dúró lójú ẹsẹ̀, kí o lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó wú. Má ní o máa fara dà á dé àgọ́. Nírọ̀lẹ́, nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, torí ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn ni ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ ti ń rí àyè. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ nínú yín gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, torí egbò lè wà kó má mọ̀ ọ́n lára.

Ti ejò: ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún ló sábà máa ń bù jẹ, búùtù tó bo kókósẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó nípọn á sì dín ewu kù. Kò mú un kúrò. Bó bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má fi bíléèdì là á, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dè é, ẹ má sì lé ejò. Ẹ tú bàtà kúrò kó tó wú, ẹ fi igi mú ẹsẹ̀ náà dúró kó má mira, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Wesley Guild wà ní Ilésà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Ifẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ pè láti mọ ibi tí oògùn oró ejò wà.

Bàbá_Kòkó

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa kún yín lọ́wọ́. Àbúrò, kí o máa gbọn bàtà kí o tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀. Àkéekèé fẹ́ràn ibẹ̀. Ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ torí ìjàlọ; ó bá gba inú ṣòkòtò gòkè, wàá bọ́ ṣòkòtò lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tá a bá ń fín oògùn kòkó, ìta ráìnbúùtù ni à ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wà, kí oògùn má bàa ṣàn wọnú bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọjá lóko tí wọ́n ń fín lọ́wọ́, ẹ yà fún un.

Mo ṣì sọ pé ráìnbúùtù dáa o.

Ajá_Ọdẹ (Ilésà)

Bàtà ṣọ́jà ńkọ́? Èyí tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi ń gbà jáde. Mo rí i lọ́jà.

Ààbò_Lákọ̀ọ́kọ́

Bàtà náà dáa, inú igbó olómi gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ dúdú lásán, má sì wọ ohunkóhun tó jọ kámó mọ́ ọn, ìbáà ṣe fìlà. Òfin ò gba aráàlú láyè láti wọ aṣọ ológun, ẹ̀yin tí ẹ sì gbé hámà, kọ́ńpáàsì àti máàpù dání ní ibi tí góòlù wà, ẹ ò nílò ìyọnu kún un. Ẹ gbé ìwé yunifásítì yín dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀.

Àǹtí_Olókè

Ti ẹrù tó kù, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Àpò ẹ̀yìn tó ní bẹ́líìtì tó ń so mọ́ ìbàdí, kí òkúta tí ẹ bá kó má bàa já èjìká yín. Ẹ̀wù òjò tó gùn. Ìwé àti fóònù sínú ọ̀rá kí ẹ tó kó wọn sínú àpò. Omi tó pọ̀, fìlà, tọ́ọ̀ṣì. Ó tán. Owó tó bá ṣẹ́ kù, bàtà ni kí o kó o lé.

ọmọ_òkúta

Mo ti rà á o! Àtakúnmọ̀sà ni mo lọ, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú béèlì. Búùtù aláwọ, kò ní irin, kò ní Gore-Tex (ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ foríjì mí), ó bo kókósẹ̀, eyín ìdí ẹ̀ jìn, òwú ìránṣọ sì yí i po. 43 ni, ó sì fẹ̀ níwájú. Mo yọ àtẹ́ ẹ̀, mo dúró lé e láàárín ọjà, àwọn èèyàn ń wò mí bí wèrè. Oníbàtà náà ní òun ò tíì rí oníbàárà tó ń yẹ bàtà wò tó báyìí. Mo ti ń wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì àti lọ sí Sábó láti ìgbà yẹn kó lè mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ní wàhálà. Ti òsì ló ń tẹ̀ mí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka kékeré. Mo tún fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ̀ wá ń gbẹ funfun. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e lé orí jẹnẹrétọ̀ kó tètè gbẹ.

Aránbàtà_Lágere

Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀? Iná á gan awọ, á sì tú gọ́ọ̀mù. Yọ àtẹ́, tú okùn, ki ìwé ìròyìn sínú ẹ̀, kí o máa pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti rin, gbé e sí abẹ́ fáànù. Bó bá gbẹ tán, fi òrí tín-ín-rín pa á, kí o nù ún dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, awọ á dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kíwì.

Gbé méjèèjì wá lọ́jọ́ Sátidé, kó ti gbẹ, kí o sì wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù yẹn wá. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara awọ náà níta, níbi tó ti ń tẹ̀ ọ́ gan-an. Inú ẹsẹ̀ onígi ló máa sùn di ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀ṣómàáló

Ọwọ́ mi kọ́ ló ti ra bàtà yẹn o, ẹ bá mi bi í léèrè ìdí. Béèlì mìíràn ń wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.